Ẹ Ṣé Àná

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹwàá, 1982
Mo ti kó ẹrù mi dé ilé Dádì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ adájọ́ ní Jos. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n fún mi, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Bàbá mi ló mú mi wá láti Kafanchan, kò sì lè dúró jẹun nítorí réluwé tó fẹ́ wọ̀ padà síbi iṣẹ́. Kó tó lọ, ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ bá mi tọ́ ọ. Ó mọ̀wé, ẹ̀rù ló kàn máa ń bà á."

Dádì ní, "Ẹ̀rù kò burú lára ẹni tó fẹ́ ṣe agbẹjọ́rò." N kò mọ̀ bóyá àwàdà ni.

Nígbà tí Bàbá lọ tán, Dádì pè mí sí pálọ̀, ó sọ òfin ilé fún mi. N kò gbọdọ̀ gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọsàn kan. N kò gbọdọ̀ fi ilé yìí han ẹni tí n kò mọ̀. Bí wọ́n bá bi mí nípa ẹjọ́, kí n ní n kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi, sà."

"Ó dáa. Lọ jẹun."

Christopher, ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ Dádì, ló bá mi gbé àpótí wọlé. Ará Pankshin ni, ṣùgbọ́n ó ti bá Dádì ṣiṣẹ́ pẹ́ tó fi ń sọ Yorùbá ju àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí Jos lọ. Ó ní, "Sannu, Ìbílọlá. Káàbọ̀ sí ẹ̀wọ̀n." Ó rẹ́rìn-ín. Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí i.

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹwàá
Òtútù mú láàárọ̀ bí ẹni pé ọyẹ́ ti dé. Búrẹ́dì tún ti gbówó lórí. Mọ́mì, ìyàwó Dádì, ní iṣu ni a ó máa jẹ láàárọ̀ báyìí.

Ọ̀gbẹ́ni Harold, olùkọ́ wa, bi mí ní ìbéèrè ní kíláàsì. Mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Mo dìde, ẹnu mi kò ṣí. Falilat tó jókòó tì mí ló dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ kò sì tó tèmi. Mo ń bi ara mi ta ló rán mi sí ẹ̀kọ́ òfin. Èmi tí n kò lè sọ̀rọ̀ níwájú ogójì ọmọ, kí ni n óò sọ níwájú adájọ́?

Wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa lọ wo ẹjọ́ kan ní kóòtù, kó kọ ohun tó bá rí. Falilat ní, "Tìẹ ti yá. Ìwọ tó o ń bá adájọ́ jẹun."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ẹni mélòó ló ń jẹ́ Ọ̀pádọ̀tun bíi tiyín ní Jos?"

Mo béèrè lọ́wọ́ Dádì bóyá mo lè wá sí kóòtù tirẹ̀. Ó ní, "Kóòtù ìjọba àpapọ̀ ni, kì í ṣe ilé mi. Ẹni tó bá wù ú lè wọlé. Ṣùgbọ́n tí o bá ti wọ ibẹ̀, n kò mọ̀ ọ́ rí."

Ẹjọ́ tó wà níwájú rẹ̀ báyìí ni ti Alhaji Sàláúdéènì, ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ tó ń ra kúsà, irin tí wọ́n fi ń ṣe agolo, lọ́wọ́ àwọn tó ń wà á nínú ilẹ̀. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ní ó ń kó o kọjá ẹnubodè láìgba ìwé. Ó ti wà látìmọ́lé láti ìgbà ààwẹ̀. Gbogbo Yorùbá ìlú yìí ló ń sọ ọ́. Nínú ilé yìí nìkan ni a kì í ti í sọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Oṣù Kẹwàá
A lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni Dádì jókòó sí, nígbà tí wọ́n dá orin ìkẹyìn ó ti jáde lọ jókòó sínú mọ́tò. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí wọ́n má lọ sọ ohun tí wọn kò bá a sọ.

Nígbà tí a ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, Mọ́mì ní, "Òun tí o ń wò yẹn? Nígbà tí mo fẹ́ ẹ, akọ̀wé réluwé ni níbí. Kò sí ìkómọ tí kì í dé. Òun ló ń léwájú orin ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ kọ́ òfin, ó padà wá, ẹnu rẹ̀ ṣì ń dùn. Wọ́n fi í ṣe májísíréètì, ó dín ìjáde kù. Ọjọ́ tí wọ́n búra fún un pé ó di adájọ́ ni mo rí i kẹ́yìn."

Mo bi í nípa ṣọ́ọ̀bù aṣọ tó ní ní ọjà Terminus.

"Mo tì í pa. Wọ́n ń wá ra aṣọ lọ́wọ́ mi, wọn kì í ná an. Iye tí mo bá pè ni wọ́n ń san. Mo wá mọ̀ pé kì í ṣe aṣọ ni wọ́n wá rà."

Ní ìrọ̀lẹ́ Dádì ń rìn yí ilé ká gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Kò níbi tí yóò lọ mìíràn. Ó ti ṣe ojú ọ̀nà kan tí koríko kì í hù mọ́.

Ọjọ́rú, 13 Oṣù Kẹwàá
Òjò tí gbogbo ènìyàn ti ní ó ti parí bẹ́ sílẹ̀ lójijì nígbà tí mo dé Tina Junction. Kò sí epo nílùú, takisí kò wọ́pọ̀, èyí tó bá dé, àwọn ọkùnrin ti kún inú rẹ̀ kó tó dúró. Mo dúró síbẹ̀, ìwé mi wà lábẹ́ aṣọ, mo ń gbọ̀n.

Mọ́tò kan dúró. Obìnrin kan ló ń wà á. Ó ní, "Wọlé, jàre. Òjò yìí fẹ́ pa ẹ́."

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, mà."

"Ṣé mo jọ gbọ́mọgbọ́mọ ni? Wọlé!"

Mo wọlé. Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, aláwọ̀ ewé tó ní etí wúrà, ó ní kí n fi nu orí mi. Fúláàsì oúnjẹ kan wà lórí àga, ó ní kí n gbé e lé ẹsẹ̀ kí ọbẹ̀ má dànù. Kò béèrè orúkọ mi. Ó ń ráhùn nípa àwọn tó ń ta epo ní ìkọ̀kọ̀, ó ń bú wọn ní Hausa, ó sì pa mí lẹ́rìn-ín. Mo rántí òfin Dádì, mo ní kó já mi sílẹ̀ ní ìyànà ṣọ́ọ̀ṣì kí ó má bàa mọ ilé. Mo fẹsẹ̀ rin ìyókù. Mo rò pé mo gbọ́n.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé òjò pa mí?

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kẹwàá
Mi ò mọ bí n óò ṣe kọ ọ́. N óò kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo dé kóòtù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún fún agbẹjọ́rò àti àwọn akọ̀wé wọn. Obìnrin àná dúró síbẹ̀. Inú mi dùn láti rí ojú tí mo mọ̀. Mo yára lọ bá a, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé àná o, mà. Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọlọ́run á bá wa san án fún yín." Mo sọ ọ́ sókè. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbá mi létí pé ẹni tó bá ṣe mí lóore, tí ilẹ̀ bá mọ́, kí n tún dúpẹ́.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé òtútù ò mú ẹ?"

Ìgbà yẹn ni Christopher dé pẹ̀lú ìwé Dádì lápá. Ó ní, "Ìbílọlá, Mọ́mì ní kí o dúró, ká jọ lọ sílé tí kóòtù bá tú."

Ẹ̀rín kú lójú obìnrin náà. Ó wo Christopher, ó wo èmi, ó yí padà, ó wọlé. Àwọn akọ̀wé méjì ń wò wá.

Mi ò lóye rẹ̀ títí wọ́n fi mú Alhaji Sàláúdéènì wọlé. Ó gbé ojú wá ẹnìkan láàárín èrò. Obìnrin náà gbé etí ìborùn rẹ̀ sókè díẹ̀ kó lè rí i. Ìborùn aláwọ̀ ewé yẹn ni. Ìyàwó rẹ̀ ni; oúnjẹ Alhaji ni mo gbé lé ẹsẹ̀ lánàá.

Ẹlẹ́rìí kọ́sítọ́ọ̀mù kan wà níbẹ̀ lónìí. Ó ní inú igbó ni wọ́n ti rí àpò kúsà. Agbẹjọ́rò Alhaji bi í léèrè, ẹlẹ́rìí náà tún ní inú lọ́rì ni. Nígbà tó yá, kò rántí. Èmi tí n kò mọ nǹkan kan rí i pé ẹjọ́ náà ti ń já mọ́ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Àwọn èrò ẹ̀yìn ń mi orí. Dádì ń kọ̀wé, kò gbójú sókè.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Oṣù Kẹwàá
Mi ò lọ sí kíláàsì. Mo purọ́ pé nǹkan oṣù ni.

Ọjọ́ Ajé, 18 Oṣù Kẹwàá
Ọ̀rọ̀ ti dé ibi tí mo ń bẹ̀rù. Ọ̀gbẹ́ni Adéwùmí, agbẹjọ́rò ìjọba, dìde ní kóòtù láàárọ̀ yìí níṣojú mi, ó ní, "Olúwa mi, kò dùn mọ́ mi láti sọ èyí. Wọ́n ń sọ ọ́ nílùú pé ẹnìkan láti ilé Olúwa mi ń gba oore lọ́wọ́ ìdílé olùjẹ́jọ́. Wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù yìí, wọ́n sì ní ọlọ́pàá Olúwa mi wà níbẹ̀."

Dádì fi bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé ẹ rí i fúnra yín?"

"Mo gbọ́ ọ ni, Olúwa mi."

Dádì sún ẹjọ́ sí Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ kí òun lè wádìí. Alhaji di igi iwájú rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ pọ́n.

Nílé, Dádì pe Christopher sí pálọ̀. Gbogbo wa wà níbẹ̀. "Christopher, kí lo gbà lọ́wọ́ wọn?"

"Mi ò gba nǹkan kan, sà."

"Ta ló gbà?"

Christopher wo ògiri. Kò wo apá ọ̀dọ̀ mi rárá. "Mi ò lè mọ̀, sà."

Mo dúró síbẹ̀ bí igi. Ẹnu mi kò ṣí, gẹ́gẹ́ bí ti kíláàsì.

Ọjọ́rú, 20 Oṣù Kẹwàá
Wọ́n ti mú Christopher kúrò. Ọ̀gá rẹ̀ wá fúnra rẹ̀. Wọ́n ní kó lọ jókòó sí bárékè ọlọ́pàá títí wọn óò fi mọ ohun tí wọn óò ṣe fún un. Samson ni orúkọ ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀.

Mo bá Christopher níbi tó ti ń di bàtà rẹ̀ sínú báàgì. Mo ní, "Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Kí ni kí n sọ? Pé ọmọ kan kúnlẹ̀ dúpẹ́? Haba! Nílé wa, tí o ò bá dúpẹ́, wọ́n á nà ẹ́."

"Wọ́n lè lé ẹ lẹ́nu iṣẹ́."

"Ọlọ́pàá ni mí, ibi tí wọ́n bá jù mí sí ni n óò sùn. Ìwọ, bàbá rẹ ti ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀ torí ìwé tí ò ń kà." Ó fa okùn báàgì náà le. "Sai hankuri, Ìbílọlá. Ní sùúrù."

Ọjọ́bọ̀, 21 Oṣù Kẹwàá
Mo dé ẹnu ilẹ̀kùn Dádì lẹ́ẹ̀mejì. Mo padà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Oṣù Kẹwàá
Mo ti sọ ọ́.

Kùrukùru ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí Dádì bẹ̀rẹ̀ sí yí ilé ká. Mo jáde, mo tẹ̀lé e. Mo ní, "Dádì, èmi ni." Kò dúró. Mo ń sọ ọ́ fún ẹ̀yìn rẹ̀ bí a ti ń lọ: òjò, mọ́tò, fúláàsì, ìyànà ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí a dé ẹ̀yìn yàrá mi, ó dúró.

"Ṣé o mọ ẹni tó jẹ́ nígbà tí o wọ mọ́tò rẹ̀?"

"Rárá, sà."

"O wá dúpẹ́ lójú gbogbo ayé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ká ní o mọ ẹni tó jẹ́, ṣé o ò ní dúpẹ́?"

Mo wá ìdáhùn tí yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn, n kò rí. Mo ní, "Mi ò mọ̀, sà."

Ó ní, "Láti ọjọ́ tí o ti dé ilé yìí, ìdáhùn tí mo kọ́kọ́ gbà gbọ́ lẹ́nu rẹ nìyẹn." Ó wọlé, ó ní kí Samson wa òun lọ sí bárékè lọ mú Christopher. Ó bẹ Christopher níwájú ọ̀gá rẹ̀. Samson ló sọ ọ́ fún mi. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá mi sọ nìyẹn.

Mo rò pé ó ti parí. Kò parí. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán Mọ́mì ní, "Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ọmọdé ló wọ mọ́tò nínú òjò. Ẹ parí ẹjọ́ yín."

Dádì ní òun yóò yọwọ́ nínú rẹ̀.

"Nítorí kí ni? Ẹjọ́ tó kù díẹ̀ kó parí!"

"Tí mo bá dá ọkùnrin yẹn sílẹ̀, wọ́n á ní mọ́tò ìyàwó rẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Yóò máa gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri ìlú títí tó fi máa kú. Tí mo bá rán an lẹ́wọ̀n, èmi gan-an á máa bi ara mi bóyá torí kí wọ́n má bàa sọ bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rán an."

"Ta ló máa wá gbọ́ ọ?"

"Wọ́n á fún adájọ́ mìíràn, bóyá ní Kaduna. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látorí ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́."

"Ìgbà wo?"

Dádì ti abọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mọ́mì kó abọ́. Ó ní, "Ọwọ́ yín ti mọ́ tónítóní. Ẹlòmíràn ni yóò máa sùn látìmọ́lé nítorí rẹ̀." Ó wọ kíṣìnnì lọ. N kò gbọ́ kó bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Mo rò pé tí mo bá ti sọ òótọ́, ilẹ̀kùn kan yóò ṣí. Mo sọ ọ́, ilẹ̀kùn sì tì mọ́ ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 25 Oṣù Kẹwàá
Mo lọ. Dádì kò ní kí n lọ, kò ní kí n má lọ.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún kóòtù láìfi nǹkan kan pamọ́. Kò dárúkọ mi. "Ọmọbìnrin àbúrò mi" ló pè mí. Agbẹjọ́rò Alhaji fò dìde, ó ní àwọn kò ní àtakò kankan, kí Olúwa àwọn jọ̀ọ́ máa bá iṣẹ́ lọ. Ọ̀gbẹ́ni Adéwùmí náà dìde, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó ní òun kò mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn, òun kó ọ̀rọ̀ òun jẹ. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀ mo rò pé Dádì yóò gbà.

Dádì ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ní òun kò lè gbọ́ ẹjọ́ náà mọ́, òun kò sì lè pa àṣẹ kankan lórí rẹ̀. Agbẹjọ́rò ní, "Àní béèlì, Olúwa mi?" Dádì ní, "Àní béèlì."

Alhaji kò lóye Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ. Ó rí i pé gbogbo wọn ń tẹrí ba, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó bi wọ́dà tó dúró tì í ní Yorùbá, a sì gbọ́ ọ títí dé ẹ̀yìn: "Ṣé mo ti ń lọ sílé ni?"

Dádì gbọ́ ọ. Kò dìde bọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 28 Oṣù Kẹwàá
Dádì ní, "Ẹjọ́ náà ti kúrò lọ́wọ́ mi. Kò sí òfin tó ní kí o má kí obìnrin yẹn mọ́." Ó ń wo ìwé ìròyìn nígbà tó ń sọ ọ́. Christopher, tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ló mọ ilé náà, ó sìn mí débẹ̀, ó dúró lóde.

Alhája, ìyàwó Alhaji, ń bu ọbẹ̀ sínú fúláàsì. Mo kúnlẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò lọ́nà sá lọ.

Ó ní, "Ìwọ ni? Dìde nílẹ̀, ilẹ̀ tutù."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ forí jì mí. Mi ò mọ̀ pé..."

"Èmi náà ò mọ̀. Mo ní ọmọ tó tó ẹ ní Ìlọrin. Òun ni mo rí tó dúró sínú òjò." Ó dé fúláàsì. "Wọ́n ní olóòótọ́ ni bàbá rẹ. Kí òótọ́ rẹ̀ máa bá a gbélé. Ọkọ tèmi ò lè fi jẹun níbi tó wà."

Mo na ọwọ́ láti bá a gbé fúláàsì dé ìdí mọ́tò. Ó sún un kúrò níwájú mi, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú.

"Ọmọ adájọ́, má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi mọ́, níbi yòówù kó o ti rí mi. Ọpẹ́ tìẹ wọ́n."

Christopher ń súfèé díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń padà, ó sì dákẹ́ nígbà tí a sún mọ́ ilé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kọkànlá
Ọyẹ́ ti dé tòótọ́. Ètè mi là. Ọ̀gbẹ́ni Harold dá ìwé tí mo kọ nípa ẹjọ́ náà padà. Ó ní ó dára, ṣùgbọ́n mi ò sọ ohun tí èmi rò. Ó bi mí níwájú gbogbo kíláàsì bóyá adájọ́ náà ṣe dáadáa. Mo dìde. Mo ní, "Mi ò mọ̀, sà." Ẹnu mi ṣí lọ́tẹ̀ yìí. Falilat wò mí. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Wọn kò tíì fún ẹjọ́ Alhaji ní ọjọ́ ní Kaduna.

Ní Tina Junction, kò sí takisí. Eruku bo gbogbo nǹkan, mi ò rí òdìkejì títì. Mọ́tò kan dúró, ìyá àgbàlagbà kan àti ọmọ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ìyá náà ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fúnra rẹ̀, ó ní ní Hausa pé kí n wọlé, pé atẹ́gùn yìí kò dára.

Mo ní, "A'a, Mama. Na gode." Mo kọ̀, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mi ò wo ojú rẹ̀. Mo ti ń rìn kó tó pa ilẹ̀kùn dé.

Nígbà tí mo wọ ọgbà, Dádì ń yí ilé ká. Ó wo ẹsẹ̀ mi tó funfun fún eruku dé orúnkún. Ó ní, "O fẹsẹ̀ rìn?"

"Mo fẹsẹ̀ rìn, sà."

Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú koríko, ó fi ojú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti là yí ilé ká sílẹ̀ fún mi, a sì jọ lọ.